Wíwá agboolé bàbá ńlá ní Òṣogbo

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Òṣogbo ni bàbá tó bí bàbá wa. Oríkì ìdílé nìkan la mọ̀. Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì: Ẹ kú ìmúra. Ẹ gba oríkì náà sílẹ̀ lódidi lẹ́nu àgbà, ẹ má gé e kúrú. Orúkọ agboolé lè wà nínú rẹ̀. Orúkọ bàbá nìkan ò tó, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nítòsí ààfin Àtáọ́ja, kí ẹ wá lọ kí baálé agboolé.

Èsì: Obì àti orógbó ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun á ti kún ìlú, àwọn àgbà ò ní ráyè.