Ẹ́ńjìnì ń gbóná léraléra, tẹ́mósítáàtì tuntun kò ràn án

Àkànbí_1.8

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ ọdún 1997 ni, ẹ́ńjìnì 1.8 onísílíńdà mẹ́rin, gíà ọlọ́wọ́, fáànù oníná méjì lẹ́yìn rédíétọ̀. Bó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ọwọ́ géèjì á kúrò láàárín, á máa gòkè títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa. Bí ọ̀nà bá là tí eré dé 80 km/h, á sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe wà fún oṣù méjì nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó tún ti ń gbóná bó bá ń gun òkè. Omi tó ń dín tó ìdajì lítà lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ, kápẹ́ẹ̀tì inú náà gbẹ.

A ti pààrọ̀ tẹ́mósítáàtì (èyí tó ń ṣí ọ̀nà omi sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná) àti ìdérí rédíétọ̀, a sì ti fọ rédíétọ̀. Nígbà tí kò gbọ́, mẹkáníìkì ní ká yọ tẹ́mósítáàtì dànù. A yọ ọ́, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ní báyìí ó ní wọ́tà pọ́ǹpù ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ ká wò ká tó rà á?

Ọ̀gá_Sípánà

Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù. Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tó ń gbóná lórí ìdúró, tó sì ń tutù bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i níwájú, fáànù ni kí ẹ wò. Èyí tó jẹ́ pé eré àti òkè ló ń mú un gbóná, omi kò yí tó: rédíétọ̀ ti dí nínú, abẹ pọ́ǹpù ti jẹ, tàbí hóòsì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fà. Èyí tí omi rẹ̀ ń dín láìjò sílẹ̀, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń mu ún. Ti yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́kọ́, ó wá ń parí sí ìkẹta. Lójú tèmi, àìsàn méjì ni, àkọ́kọ́ ló sì bí èkejì.

Fáànù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tan éésì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán fáànù kan gbọ́dọ̀ yí kíákíá. Èyí tí kò bá yí, ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ gbé iná sí i tààrà láti bátìrì, kí fíúsì wà lójú wáyà náà. Bó bá yí, mọ́tò rẹ̀ dára, ọ̀nà iná ló bàjẹ́. Bí kò bá yí, tàbí tó ń yí bí ẹni tó rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì inú mọ́tò ti jẹ tán.

Pé fáànù ń yí kò tíì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ mú ìwé kan, ẹ gbé e síwájú kọ́ńdẹ́ńsà (rédíétọ̀ éésì tó wà níwájú ti omi) nígbà tí fáànù ń yí. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kó má jábọ́. Bó bá ń tì í kúrò, ẹnì kan ti so wáyà mọ́tò ní òdìkejì, fáànù wá ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Ẹ wo ike tó yí fáànù ká náà. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ibi tó dojú kọ abẹ nìkan ni atẹ́gùn ń gbà kọjá, ìyókù rédíétọ̀ kàn dúró lásán.

Ẹ dá tẹ́mósítáàtì padà lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, abala méjì ló ní: bí ti òkè bá ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ni ti ìsàlẹ̀ ń dí ọ̀nà àbùjá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà àbùjá á ṣí sílẹ̀, apá kan omi gbígbóná á máa padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀. Tuntun náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó dè é. Ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, ẹ fi tẹ̀mọ́mítà sí i. Bí wọ́n bá kọ 82 sí i lára, ní nǹkan bí 82°C ni kó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Bí omi bá ti ń hó, ó yẹ kó ti ṣí tó mìlímítà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí_Wáyà

Ọ̀gá ti sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un. Fáànù ọkọ̀ ìgbà yẹn sábà máa ń ní ìyára méjì. Résísítọ̀, èyí tó ń dín iná kù, ló ń fún un ní ìyára kékeré, òun ló sì kọ́kọ́ máa ń jóná. Bó bá jóná, fáànù ò ní yí ní 92°C tàbí 95°C tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Á dúró di ìgbà tí ìyára ńlá bá wọlé, ooru á sì ti kọjá 100°C. Ẹni tó bá wò ó nígbà náà á ní fáànù ń ṣiṣẹ́.

Ẹ fa rìlée, ìyẹn ṣíìṣì tó ń gbé iná fún fáànù, yọ, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ àti ihò tó ń wọ̀. Bí ike ihò náà bá ti di àwọ̀ búráùn tàbí tó yọ́ díẹ̀, irin inú rẹ̀ ò gbá a mú mọ́, rìlée tuntun ò ní tọ́jọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn iná ní ṣọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì àti ìyára ńlá lórí iṣẹ́. Bí bátìrì bá ń ka fóòtì 14 tí ibẹ̀ ń ka 11, fóòtì 3 ti ṣòfò lójú ọ̀nà, pàápàá jù lọ níbi tí wáyà áàsì (wáyà nẹ́gẹ́tíìfù) ti so mọ́ bọ́dì. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà nù ún dé ibi tó ń dán, ẹ dè é padà.

Ẹ má sì gba ọwọ́ géèjì gbọ́ pátápátá. Ẹ fi tẹ̀mọ́mítà aláìfọwọ́kàn wọn ilé tẹ́mósítáàtì. Bó bá wà ní nǹkan bí 90°C tí géèjì sì ń lọ sí pupa, sẹ́ńsọ̀ tàbí áàsì rẹ̀ ni. Tẹ̀mọ́mítà kan náà ni kí ẹ gbé rìn lójú rédíétọ̀: ibi tó bá ṣàdédé tutù láàárín ibi gbígbóná, omi ò kọjá níbẹ̀.

Bàbá_Gásíkẹ́ẹ̀tì

Omi tó ń dín ló kàn mí jù. Ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnì ti sùn mọ́jú, ẹ ṣí ìdérí, ẹ bu omi kún un, ẹ dé e padà. Ẹ tan án ní sìlóò, kí ẹ di hóòsì òkè mú. Láàárín ìṣẹ́jú 2, omi ò tíì gbóná tó láti tú, nítorí náà hóòsì gbọ́dọ̀ ṣì rọ̀. Bó bá ti le gbagidi, èéfín inú sílíńdà ló ń gba ibi tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti búlọ́ọ̀kù) wọ inú omi.

Ẹ fi oògùn àyẹ̀wò èéfín tó máa ń wà ní àwọ̀ búlúù, nínú ọ̀pá tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀, jẹ́rìí sí i. Ẹ kọ́kọ́ fa omi kúrò lẹ́nu rédíétọ̀ kó má bàa gòkè wọ inú rẹ̀, torí omi lè ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Bí búlúù bá di yẹ́lò lórí ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èyí tó bá funfun, tó mọ́ ju àwọn yòókù lọ bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́, ọ̀hún ni omi ń wọ̀.

Ìfóòfó funfun lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà máa ń ní in. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn adíjò sínú rẹ̀, inú hítà àti rédíétọ̀ ló máa dí. Ẹ má sì ṣí ìdérí nígbà tó bá gbóná. Ìdérí 0.9 bar kì í jẹ́ kí omi hó títí á fi tó nǹkan bí 118°C. Bí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà sójú yín.

Àkànbí_1.8

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀gá. Èsì rèé: fáànù ọ̀tún kò yí, ṣùgbọ́n ó yí nígbà tí a gbé iná sí i tààrà. Ihò rìlée ti di búráùn. Hóòsì òkè le ní ìṣẹ́jú 2 kù díẹ̀. Oògùn di yẹ́lò. Plọ́ọ̀gì kẹta funfun.

Bàbá_Gásíkẹ́ẹ̀tì

Tọ́ọ̀pù sílíńdà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Fáànù tó kú ló jẹ́ kó máa gbóná, gbígbóná yẹn ló sì jó gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún ihò rìlée àti wáyà ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà kankan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á tọ ọ̀nà kan náà.

Ẹ má gbà kí wọ́n kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n dè é. Ẹ fi irin gbọọrọ tó tọ́ lé ojú tọ́ọ̀pù, ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kí ẹ máa fi fíìlà géèjì (àwọn irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wo abẹ́ rẹ̀. Ìwé ẹ́ńjìnì ló máa sọ ìwọ̀n tí wọ́n gbà, ọ̀pọ̀ ò gbà ju 0.05 mm lọ. Bó bá ti tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n sì fi omi alágbára wò ó bóyá ó ti sán.

Ihò bóòtù inú búlọ́ọ̀kù, ẹ fẹ́ omi àti ọ́ìlì inú wọn jáde. Omi kò ṣe é fún mọ́lẹ̀: bí bóòtù bá ń wọlé bá a nínú ihò, búlọ́ọ̀kù lè sán. Bóòtù tuntun ni kí ẹ lò bí ìwé bá ní wọ́n máa ń fà. Láti àárín lọ sí etí ni kí wọ́n ti máa dè é, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú sípánà tọ́ọ̀kì tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó. Bó bá jẹ́ táímìn bẹ́líìtì ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, ìgbà yìí ló wá yẹ kí ẹ ra pọ́ǹpù yẹn, torí ojú iṣẹ́ ti ṣí.

Ọ́ìlì tuntun àti fíltà. Kúláǹtì àti omi dísítíìlì, ìdajì sí ìdajì. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ ṣí hítà sí gbígbóná jù, ẹ máa fún hóòsì pọ̀ bí ẹ ti ń bù ú sí i, títí afẹ́fẹ́ ò fi ní yọ mọ́. Ẹ jẹ́ kó wà ní sìlóò títí fáànù á fi tan, tí á kú, tí á tún tan. Ẹ fa ìlà sí ibi tí omi dé lára rọ́bà omi (ike tó ń gba omi rédíétọ̀ tó bá kún jù) ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tún wò ó ní òwúrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Ìlà yẹn àti omi gbọ́dọ̀ ṣì bára mu ní òwúrọ̀ kẹta. Ti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ lè dín díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tó kù nínú; bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bù ú kún dé ìlà.