Àgò o! Ta ni IC mẹ́mọ̀rì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ti fojú rẹ̀ rí màbo?

Bàbá Sóódà:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. IC kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni mo gbé wá lónìí, èyí tí wọ́n ń kọ 24C02, 24C08, 24C32 sí lẹ́yìn. EEPROM ni ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n láàárín àwa tá a ń tún TV ṣe, IC mẹ́mọ̀rì ni, torí kì í gbàgbé ohun tí wọ́n kọ sí i bí iná tilẹ̀ lọ. Kí oníkálukú sọ èyí tí ojú ẹ̀ rí. Ẹ má wá da ìwé kọ fún wa o, ìwé wà nílé.

Mo kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn nígbà tí TV tó níkùn lẹ́yìn ṣì pọ̀ nígboro. Wọ́n gbé ọ̀kan wá lọ́jọ́ kan, àwòrán rẹ̀ fún wọlé lọ́tùn-ún lósì bí ọrùn àdó, bí wọ́n bá sì ti pa á pẹ́nrẹ́n, ó ti gbàgbé gbogbo stéṣọ̀n tí wọ́n tò sí i. Ọ̀gá mi pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́rin, pàbó ló já sí. Ó wá ní kí n yọ IC mẹ́mọ̀rì lára òkú TV kan tó jẹ́ irú ẹ̀ gan-an, kí n jó o mọ́ èyí. 24C08 ni. Bí a ṣe tan iná báyìí, àwòrán gún régé. Ẹnu yà mí. Àṣé nọ́ńbà lásán tí wọ́n kọ pamọ́ ló ń sọ bí àwòrán ṣe máa fẹ̀ tó!

Ọ̀gá mi mọ̀ pé ó máa ń ṣe é, kò mọ bó ṣe ń ṣe é. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí èmi náà tó mọ̀. Wáyà méjì péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà: SCL àti SDA. Ilé-iṣẹ́ Philips ní ilẹ̀ Netherlands ló gbé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1982, kí àwọn IC inú TV lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wáyà gba gbogbo bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, inú TV gan-an ni wọ́n ti bí i, kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí. SCL ni agogo, SDA ni ọ̀rọ̀. Prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn IC tó ń pàṣẹ, ló ń lu agogo. Nígbà tí agogo bá wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Tí agogo bá ti gòkè, kí ọ̀rọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n kà á. Ìgbà méjì péré ni SDA láṣẹ láti yí nígbà tí agogo wà lókè: tó bá já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó bá gòkè, ọ̀rọ̀ parí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, prọ́sẹ́sọ̀ á kan ilẹ̀kùn: “Àgò o, ará ilé 1010!” 1010 yẹn ni orúkọ ìdílé, gbogbo EEPROM irú yìí ló ń jẹ́ ẹ. Bíìtì mẹ́ta (bíìtì kan, òdo ni tàbí ọ̀kan) tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ilé, ẹsẹ̀ A0, A1 àti A2 la fi ń pín in fún IC bíi 24C02 àti 24C32. Èyí tó ṣìkẹjọ ń sọ bóyá àlejò wá kọ̀wé ni tàbí ó wá kà á. Ní agogo kẹsàn-án, prọ́sẹ́sọ̀ á tú SDA sílẹ̀, á dákẹ́. Bí IC bá wà nílé, òun fúnra ẹ̀ ló máa fa SDA wálẹ̀. “Àgò yà” nìyẹn. ACK ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Bí kò bá sẹ́nì kankan nílé, SDA á dúró sókè gbọnrangandan.

Ó yá, ta ló kàn?

Arẹwà Elẹ́rọ:
Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú IC yìí lólè, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ni. Mo ṣe ẹ̀rọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi káàdì kàn kí orúkọ wọn lè wọlé. Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ni mo lò, pẹ̀lú 24C32 kan tó ń gba báìtì 4096 (lẹ́tà kan, báìtì kan). Mo ya báìtì 20 sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 12 fún orúkọ, 8 fún nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i ń jẹ́ OLUWASEUN. Mo kà á padà, ó pé. Mo kọ ẹnì kejì. Mo tún ka ti àkọ́kọ́, mo bá nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹnì kejì níwájú orúkọ ẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì kù lára orúkọ náà. Olúwaṣeun di N.

Mo ra IC mìíràn. Olúwaṣeun tún di N. Mo ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa lọ́jà.

Ìwé tí wọ́n ṣe fún IC náà ni mo wá jókòó kà lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná. Ohun tí mò ń fojú di nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ojú-ìwé. Téèyàn bá fẹ́ kọ ọ̀pọ̀ báìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 24C32 pín inú ara ẹ̀ sí ojú-ìwé oníbáìtì 32. Tí o bá kọ dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé, kò ní bá ọ ṣí òmíràn o. Orí ojú-ìwé kan náà ló máa padà sí, á sì kọ lé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wà ní 0 dé 19. Ẹnì kejì yẹ kó wà ní 20 dé 39. Nígbà tó dé 31, báìtì 8 ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó bá yí padà sí 0, ó kọ gbogbo wọn lé Olúwaṣeun lórí. Báìtì 8 yẹn ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀! Tìkàwé ò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè kà á lọ ràì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi rú mi lójú. Ẹni kẹta wà ní 40 dé 59, ara ẹ̀ le koko títí ẹni kẹrin fi dé tó jẹ lára tiẹ̀ náà.

Mo fún oníkálukú ní ojú-ìwé tiẹ̀, báìtì 32 fún ẹnì kan. Ààyè èèyàn 128 nìyẹn, kíláàsì wa ò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo orúkọ pé.

Ó tún ku ọ̀kan. Tí ẹ bá ti parí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ sí i, IC á tilẹ̀kùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú, ó lè gba tó mílísẹ́kọ́ńdì 5. Tẹ́ ẹ bá kàn án láàárín ìgbà yẹn, kò ní dáhùn. Kò kú o. Ẹ ṣáà máa kàn án títí yóò fi ní àgò yà.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Olúwaṣeun di N! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò tíì ní ìtàn, wàhálà ni mo ní. Mo ra bọ́ọ̀dù aago DS3231 tí IC mẹ́mọ̀rì 24C32 wà lára ẹ̀. Tí mo bá pe aago ní 0x68, bí a ṣe ń kọ orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà ilé pọ̀ nínú kóòdù, ó ń jẹ́ mi. Tí mo bá pe mẹ́mọ̀rì ní 0x50 bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ, kò sí ìdáhùn. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ṣé ó ti jóná ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Àṣẹ̀ṣẹ̀dé, má tíì pè é lókùú. Èmi náà pe tèmi lókùú rí, mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

Mò ń ka 24C256 kan lọ́wọ́, mo bá tẹ bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì Arduino kí iṣẹ́ tó parí. Láti ìgbà náà, SDA wà nílẹ̀, kò gòkè mọ́. Mo tẹ rísẹ́ẹ̀tì títí àtàǹpàkò fi ń ro mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Arduino bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, IC ní tiẹ̀ ò mọ̀, rísẹ́ẹ̀tì yẹn ò kàn án. Ó ti gbé bíìtì kan tó jẹ́ òdo sílẹ̀ lórí SDA, ó ń retí agogo tó kàn, agogo ò dún mọ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mú iná, tí wọ́n dá a padà, ni gbogbo ẹ̀ ṣí. Mo wáá kọ́ pé èèyàn lè lu agogo fún un títí dé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, á sọ èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ tán, á sì tú SDA sílẹ̀. Báyìí, kóòdù mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni.

Mo mú u jáde nínú garawa. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àǹtí Peckham:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní London níbí, mónítọ̀ àlòkù ni mo fi ń ṣeré lópin ọ̀sẹ̀. Bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ ò mọ̀, IC yìí kan náà wà nínú mónítọ̀, 24C02 ló wọ́pọ̀, ibẹ̀ ni mónítọ̀ kọ ìwé ìdánimọ̀ ara ẹ̀ sí: ẹni tó ṣe é, bí ojú ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Wáyà VGA ni kọ̀ǹpútà fi ń kà á, ìhò 12 ni SDA, ìhò 15 ni SCL. Ìwé náà jẹ́ báìtì 128, 00 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, FF mẹ́fà á tẹ̀ lé e, 00 á tún dé.

Mónítọ̀ kan tí mo rà, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n rárá, àwòrán rẹ̀ wú bí ẹni jẹ gàrí rírẹ. Mo yọ IC ẹ̀, mo fi ẹ̀rọ CH341A kà á: báìtì àkọ́kọ́ ti di FF. Mo ní kò burú, mo tò ó padà sára bọ́ọ̀dù, kí n máa kọ ọ́ láti inú kọ̀ǹpútà. Ó ń ní “àgò yà” fún gbogbo báìtì tí mo fi ránṣẹ́. Mo kà á padà, FF ló ṣì wà níbẹ̀. Alẹ́ odindi ni mo fi bá a fà á. Ẹsẹ̀ keje, WP, ni wọ́n so mọ́ iná lórí bọ́ọ̀dù yẹn, ìyẹn sì ni kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ó ń gbà mí lálejò, kò gbà mí láyè láti fọwọ́ kan nǹkan. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò pariwo. Mo so WP mọ́ ilẹ̀, mo kọ báìtì kan ṣoṣo, mo tú u padà. Mónítọ̀ yẹn ni mo fi ń kọ èyí.

Bàbá Aládìyẹ:
Ẹ̀yin fi orúkọ àti àwòrán ṣòfò. Èmi, ẹyin ni.

Mo ṣe ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ẹyin fúnra mi. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò, a ó máa yí i títí di ọjọ́ 18, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ọmọ lè rọra mura àtijáde. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, mo ní kí ẹ̀rọ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tó dé sínú 24C32, kó lè rántí tí iná bá padà. Ọgbọ́n gidi lójú mi. Ààyè kan náà, báìtì kan náà, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ìpele mẹ́ta jáde láìsí wàhálà. Nínú ìpele kẹrin, iná lọ ní ọjọ́ 19, ó padà, ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹta la wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹyin. Èmi ò sí nílé, ìnáwó ló gbé mi lọ. Nínú ẹyin 96, mọ́kànlá ló pa.

Ìwé IC náà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n kò ṣírò ni. Ó ní èèyàn lè kọ báìtì kan ní ìgbà mílíọ̀nù kan. Ọjọ́ kan ní ìṣẹ́jú àáyá 86,400. Ẹ fi pín mílíọ̀nù kan: kò pé ọjọ́ 12! IC yẹn ti ṣe ju àdéhùn lọ ní ìlọ́po méje kó tó rẹ̀ ẹ́. Mo wá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógóje lójúmọ́ nìyẹn, á sì tó ọdún 19 kí ó tó pé mílíọ̀nù. Mo tún ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn kí gbogbo ìyà má baà máa jẹ báìtì kan. Ẹyin mi ń pa báyìí.

Bàbá Sóódà:
Bàbá Aládìyẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dá a padà.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé, n kò gbàgbé rẹ. Kọ́kọ́ fi mítà wo SDA àti SCL nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀: kí méjèèjì wà lókè. Kò sẹ́ni tó ń tì wọ́n sókè nínú àwọn IC wọ̀nyí o, fífà wálẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Rẹsísítọ̀ ló ń gbé wọn gòkè. Àmọ́ aago rẹ ń dáhùn lórí wáyà kan náà, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀. Yí bọ́ọ̀dù náà padà. Wo ibi tí wọ́n kọ A0, A1, A2 sí. Ṣé wọ́n fi sóódà pa wọ́n pọ̀ ni àbí wọ́n ṣí sílẹ̀?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Wọ́n ṣí sílẹ̀ Bàbá. Rẹsísítọ̀ kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bàbá Sóódà:
Rẹsísítọ̀ yẹn ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè. 1010 ni ìdílé, 111 ni nọ́ńbà ilé. Ṣírò ẹ̀.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé:
101 ni 5, 0111 ni 7: 0x57! Ó dáhùn! Ilé nọ́ńbà òdo ni mo ti ń kàn láti ọjọ́ Ajé, nọ́ńbà méje ló ń gbé. Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá. Mo ti ka inú ẹ̀, FF ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí i rí. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ orúkọ mi àti ti ìyá mi.

Arẹwà Elẹ́rọ:
Ka lẹ́tà ẹ̀ ná kí o tó kọ ọ́ o.