Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ ọdún kìíní tí mo ń tọ́ sọ́nà nínú àròkọ fẹ́ kó wèrè bá mi

Ìwé_Ò_Tán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ó ti kún mi dé ọ̀fun ni.

Mo ń ṣe PhD lọ́wọ́. Lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń fún wa lówó ni pé ká máa tọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní sọ́nà lórí àròkọ kíkọ. Ẹ má bi mí léèrè iye tí wọ́n ń san, ẹ̀rín ló máa pa yín. Súpáfáísọ̀ mi ń retí orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án, torí àròkọ tí kò lórí tí kò nídìí ni mo ń fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ kà. Ẹni tá a jọ ń lo ọ́fíìsì kì í tiẹ̀ ka tàwọn ọmọ tiẹ̀ dáadáa, "ó dáa" ló máa ń kọ sí i, òun sì làwọn ọmọ ń yìn. Ẹ jẹ́ n pa ìyẹn tì.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tèmi. Kì í mú iṣẹ́ tí kò tíì parí wá. Màá ní kó mú èyí tó bá ti kọ wá, bó ti wù kó rí, ká jọ wò ó. Á ní òun ń bọ̀. Tó bá wá ku ọ̀la tí wọ́n máa gba iṣẹ́, ní aago méjì òru, fáìlì á dé, ó ti parí pátápátá. Kò sí "ẹ kúulé mà", kò sí "ẹ jọ̀ọ́ mà". Mo kun àkọ́kọ́ ní pupa látòkè délẹ̀: gírámà, kọ́mà, ìtọ́kasí, gbogbo ẹ̀. Kò dúpẹ́. Nígbà tá a pàdé, bàtà ẹ̀ ló ń wò. Mo bi í pé kí ni àròkọ yìí tiẹ̀ fẹ́ sọ, ó ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, mà." Ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Èyí tó fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn wá mọ́ tónítóní, mi ò rí àṣìṣe kan. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé bí èèyàn, ló kọ nǹkan, ẹ̀rọ ní 88 nínú 100. Mo fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Kí lo tún ń rò? Fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ ṣe wàhálà kankan. Nígbà tèmi, ọwọ́ la fi ń kọ gbogbo ẹ̀, tó o bá ṣì í kọ, wàá tún odindi abala ìwé yẹn kọ. Olùkọ́ wa kan wà tó máa ń ka àròkọ tó burú jù sókè sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Ó ka tèmi. Mo sunkún títí, ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ẹnikẹ́ni ò tún rí tèmi kà rẹ́rìn-ín.

Àlàbá

Màmá, ẹ forí jì mí, ẹkún yẹn ò kọ́ yín ní nǹkan kan, ẹ̀rù ló kó sí yín lára.

Ìwé_Ò_Tán, ẹ má torí ẹ̀rọ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé nínú 100 ìwé tí AI kọ, 26 péré ló ń dá mọ̀, àti pé nínú 100 tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, á fẹ̀sùn kan 9. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, wọ́n ti gbé e kúrò nílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi ẹ̀rọ 7 yẹ àròkọ 91 wò, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEFL, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn kọ. Tá a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ tá a pín in dọ́gba, ẹ̀rọ pe èyí tó lé ní 61 nínú 100 ní iṣẹ́ AI. Èèyàn ló kọ gbogbo ẹ̀ o! Ẹni tó ń ṣọ́ra, tí kì í lo ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú, irú wọn gan-an lẹ̀rọ ń mú. Wọ́n ti mú èmi náà rí, ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára nìyẹn. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́.

Màmá Ìbejì

Àlàbá, ta ló pè ọ́ sí ẹkún mi? Mo ní mo gbọ́n lẹ́yìn ẹ̀, o ní mi ò gbọ́n.

Bíírò Pupa

Ẹ jẹ́ ká fàbọ̀ sórí ẹni tó bèèrè. Àbúrò, ọ̀rọ̀ AI kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lójú, ti pupa yẹn ni. Nancy Sommers, olùwádìí ará Amẹ́ríkà lórí kíkọ́ni ní àròkọ, kọ nípa ẹ̀ ní 1982, kò sì tíì yí padà lójú mi: olùkọ́ á tún kọ́mà ṣe láàárín ìpínrọ̀ kan, á tún wá kọ ọ́ sí etí ìpínrọ̀ yẹn kan náà pé kò tíì kún tó, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní mọ̀ bóyá kóun tún un ṣe ni tàbí kóun tú u palẹ̀. Kọ́mà ló máa mú, torí òun ló rọrùn.

Mi ò kì í fọwọ́ kan gírámà ní ìgbà àkọ́kọ́. Màá ní kí ọmọ fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọ ohun tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ sí etí ìwé. Tó bá dé èyí tí kò rí nǹkan kọ sí, mi ò ní láti sọ̀rọ̀, òun náà ti rí i. Lẹ́yìn náà kó ka gbogbo ẹ̀ sókè fún mi. Àṣìṣe tó pọ̀ jù, etí ẹ̀ ló máa mú un kí ojú mi tó débẹ̀.

Ìbéèrè kan: ta ló ń fún wọn ní máàkì?

Ìwé_Ò_Tán

Ẹ ṣé, Bíírò Pupa, ṣùgbọ́n tí mo bá fi gírámà sílẹ̀, èmi ni wọ́n máa ní mi ò ṣiṣẹ́. Ìwé tó kún fún àṣìṣe, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kà á. Mo sì fi wákàtí gbáko ṣe tiẹ̀ nìkan.

Àlàbá, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ ò ka èyí tó kọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀run òun ayé ni.

Màmá, ẹ ṣé mà, ẹ̀yin nìkan ló mọ ohun tójú mi ń rí.

Ọmọ Akọ̀wé

Ọmọ ọdún kìíní lèmi, ẹ má lé mi o. Èmi náà máa ń fi ránṣẹ́ lóru. Kì í ṣe àfojúdi. Mo máa ń kọ ọ́, màá pa á rẹ́, màá tún un kọ, títí ọjọ́ á fi pé. Tí mo bá ti fi èyí tó burú han ẹnì kan, ojú yẹn ló máa fi wò mí lọ. Ti kíkí yẹn ṣá, ó yẹ kó kí yín.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá

Tó bá jẹ́ Google Docs ló fi kọ ọ́, ìtàn àtúnkọ wà níbẹ̀, ẹ máa rí i bóyá díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ ọ́ tàbí ó dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró, torí àwọn míì ń kọ síbòmíì kí wọ́n tó dà á síbẹ̀. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ pè é, kó sọ àròkọ náà fún yín lẹ́nu. Ẹni tó kọ nǹkan á lè sọ ìdí tó fi gbé ìpínrọ̀ kẹta síbi tó wà.

Mo rí i pé ẹ ò dáhùn Bíírò Pupa. Ta ló ń fún wọn ní máàkì?

Ìwé_Ò_Tán

Èmi ni. Kí nìyẹn fi kàn án? Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn, gbogbo wa là ń ṣe é: àwọn tá a bá tọ́ sọ́nà náà la máa fún ní máàkì. Mi ò fi ṣègbè, mi ò sì fi fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ojú mi rí gbogbo nǹkan, kí wọ́n má bàa máa ṣeré.

Bíírò Pupa

Ó ti yé mi wàyí. Àbúrò, ẹ wò ó bó ṣe rí níwájú ọmọ yẹn. Ẹ ní kó mú iṣẹ́ tí kò tíì jinná wá fún ẹni tó máa fún un ní máàkì, ẹni tó ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ojú òun rí gbogbo nǹkan. "Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, mà." Òótọ́ ló sọ! Ọwọ́ yín ni máàkì wà, ohun tí ẹ fẹ́ ló ń wá. Pupa tí ẹ kùn, kì í ṣe ìmọ̀ràn lójú ẹ̀, máàkì tó ti sọ nù ni. Bí kò ṣe sí àṣìṣe nínú ìkejì nìyẹn.

Àlàbá

Bó sì ṣe lè jẹ́ pé AI ló lò nìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ̀rù lè sún un débẹ̀.

Bíírò Pupa

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì ló yẹ kó dá ẹjọ́ yẹn.

Màmá Ìbejì

Ṣé o ń gbọ́, ọmọ mi? Mi ò mọ̀ pé ìwọ lò ń fún wọn ní máàkì. Olùkọ́ tó ka tèmi sókè kọ́ ló fún wa ní máàkì. Ẹlòmíì ni, kò mọ̀ wá rárá, nọ́ńbà nìkan ló wà lórí ìwé. Mo fà sẹ́yìn lórí ẹjọ́.

Ìwé_Ò_Tán

Gbogbo yín ti wá kó jọ lé mi lórí. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yẹn.

Ó tiẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ mi níbẹ̀rẹ̀ pé ṣé ẹni tá a jọ ń lo ọ́fíìsì lè máa bá òun ka àwọn èyí tí kò tíì parí, kóun wá fi èyí tó parí fún mi. Mo ní rárá. Ẹni tó ń kọ "ó dáa" sí gbogbo nǹkan, kí ló fẹ́ kọ́ ọ? Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ọmọ Akọ̀wé

Àǹtí, ẹ ò sọ ìyẹn látòkè!

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá

Ó ti wá ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ tì í. Kó tó di pé ẹ pè é, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń darí kọ́ọ̀sì náà, kí ẹlòmíì fún àròkọ yẹn ní máàkì, ẹ má sì dárúkọ AI nínú ìwé náà. Ní ti àwọn tó kù, ẹ pààrọ̀: ẹ máa fún àwọn ọmọ ẹnìkejì yín ní máàkì, kí òun náà fún tiyín. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìwé_Ò_Tán

Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò tíì fèsì. Mo sì ní kí ọmọ náà máa mú tiẹ̀ lọ fún ẹni yẹn, tó bá wù ú. Ó fèsì pé "ẹ ṣé gan-an mà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àmọ́ ti aago méjì òru yẹn, mi ò ní gbà á o, ẹ má bá mi jiyàn.

Atẹ́gùn

Fẹjọ́ ẹ̀ sùn kíá. 88 nínú 100 kì í purọ́.

Alábòójútó

Atẹ́gùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó wà lókè kí ẹ tó fèsì.