Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹni tó ṣá mi ládàá ń tọrọ ìdáríjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ àdúgbò wa kan ló ṣá mi ládàá lápá torí fóònù. Títí dòní, ìka mi méjì ò ká dáadáa. Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù, ni ìyá rẹ̀ bá ń wá kúnlẹ̀ nílé wa pé kí n kọ̀wé pé mo ti dárí jì í.

Pásítọ̀ ní kí n kọ ọ́ (apá tiwọn kọ́ ni wọ́n ṣáà ṣá). Àbúrò mi ní n ò gbọdọ̀ dán an wò. Póòpù John Paul Kejì dárí ji Ağca tó yìnbọn fún un ní 1981, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n Ítálì ló wà títí di 2000.

Ṣé mo lè dárí jì í láìkọ ìwé yẹn? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.