Ibi tí mo ti ń rí ẹja ọ̀bọ̀kún: ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n pa á mọ́ra?

Oníwọ̀ Ìkòròdú:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, àmọ́ bí Sátidé bá ti dé, ìwọ̀ ni mo máa gbé. Bàbá kan wà ní Bayékù, ìdí iṣẹ́ ẹja ni wọ́n bí i sí, ó sì mú mi bí ọmọ. Bàbá yìí ló mú mi lọ sí ibì kan lórí ọ̀sà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Omi ibẹ̀ kò jìn, ọ̀pá ìtukọ̀ ń kan ilẹ̀ níbi gbogbo, àfi ibì kan ṣoṣo tó jìn lójijì. Igi ti wó sínú kòtò yẹn tipẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, abẹ́ àwọn ẹ̀ka yẹn ni ọ̀bọ̀kún ń wá dúró sí. Bàbá ní kí n má ju ìwọ̀ lé igi lórí, kó má baà há. Kí n jù ú sí apá òkè omi, kí omi fúnra rẹ̀ gbé ìjẹ lọ bá wọn. Ọṣẹ tí a gé wẹ́wẹ́ la fi ń ṣe ìjẹ, nígbà mìíràn edé tútù. Okùn á kọ́kọ́ mì díẹ̀ lórí ìka rẹ, á dákẹ́, ìgbà tó o bá rò pé ó ti lọ ni yóò wá wọ́ ọ lọ́wọ́. Bàbá náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bọ̀kún mú tí ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fi ní gún èèyàn.

Mo gbé fọ́tò ẹja tí mo pa síbí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó fẹ́ mọ ibẹ̀ kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹnì kan nínú wọn ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ máa kó àwọn tó ń ti Èkó wá síbẹ̀, kí wọ́n máa sanwó fún un. Ẹnì kejì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní bí òun bá mọ ibẹ̀, òun á máa rí nǹkan tà. Èmi tí mi ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ahun ni wọ́n ń pè mí.

Bàbá kò sọ fún mi rí pé kí n má sọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi lọ, kó tó dá ọkọ̀ dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì ní ká fara balẹ̀ títí ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Langbasa fi kọjá. Ohun tí mo rí yẹn ni kò jẹ́ kí n lè lanu. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ọlọ́sà:

Ọ̀gbẹ́ni, sọ ọ́ jàre. Ta ló ni omi? Bí Bàbá yẹn bá pa á mọ́ra, ṣé ìwọ fúnra rẹ á mọ ibẹ̀? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tí gbogbo wa wà yìí, kí la fẹ́ máa bá ara wa sọ bí kò bá ṣe ibi tí ẹja wà? Kò sì yẹ kí ọ̀rẹ́ tí ebi ń pa wá bẹ̀ ọ́ nítorí ẹja tí Ọlọ́run fi sómi.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:

Ọmọ mi, má tíì sọ nǹkan kan.

Ọjà Olúwo ni mo ti ń ta ẹja, ìyá mi tà á níbẹ̀ kó tó kàn mí. Ọwọ́ apẹja ni mo ti ń rà, nítorí náà mo mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ìwọ, bí ẹja kò bá gbé ìwọ̀ rẹ lónìí, wàá wọ ọkọ̀, wàá padà sílé, owó oṣù rẹ kò ní yingin. Bàbá yẹn ńkọ́? Inú kòtò yẹn ni owó oúnjẹ rẹ̀ wà. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló gbójú lé fún ọjọ́ tí àwọ̀n bá wọlé lófìfo. Ohun tó fún ọ, ó fún ọ lò ni, kò ní kó o máa pín in kiri.

Mo tún fẹ́ kó o mọ bí a ṣe ń mọ̀ lórí àtẹ pé wọ́n ti ń pa ibì kan kú. Apẹja tó ń gbé ọ̀bọ̀kún tó kún ọwọ́ wá tẹ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tí kò ju ìka lọ wá. Bó o bá la ikùn rẹ̀, kò sí ẹyin, kò tíì dàgbà débẹ̀. A ó yan án, a ó tà á, torí a ò lè dá a padà sómi. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ń to irú rẹ̀ sórí iná. Ẹlẹ́ńjìnnì tó fẹ́ máa kó èrò lọ yẹn, kó o tó mọ̀ ibẹ̀ á ti dà bẹ́ẹ̀.

Lọ bá Bàbá kó o bi í.

Ará Ìjẹ̀dẹ́:

Oníwọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan lèmi ní, ó sì kánjú. Fọ́tò tó o gbé síbí, mo rí òpó iná ńlá Ẹ̀gbin lẹ́yìn rẹ lápá òsì, mo sì rí bí etí omi ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà yìí dáadáa á fojú dá ibi tó o dúró sí. O tún ti dárúkọ Bayékù. Jọ̀wọ́, yọ fọ́tò yẹn kúrò. Bó o bá fẹ́ ya ẹja, gbé e sínú ọkọ̀ kó o yà á látòkè, kí omi má hàn rárá.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fóònù yín. Kámẹ́rà rẹ̀ lè kọ ibi tí ẹ ti ya fọ́tò mọ́ inú fọ́tò náà. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó ń yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi document, bó ṣe wà ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, bóyá ó máa wúlò. Àwọn Ègùn ní ohun tí wọ́n ń pè ní àkájà. Èèyàn á gé ẹ̀ka igi, á rì í mọ́lẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá pẹ́, nǹkan aláwọ̀ ewé á hù sára igi, ẹja á máa jẹ ẹ́, á sì fi abẹ́ igi ṣe ibi ààbò. Ó di oṣù díẹ̀ kí onítọ̀hún tó fi àwọ̀n yí i ká, tó yọ igi, tó kó ẹja. Epìyà ló sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀.

Gbangba ni àkájà wà. Gbogbo wa ń rí i, ọmọ ọdún márùn-ún lè fi hàn ọ́. Síbẹ̀ ẹni tí kì í bá ṣe tirẹ̀ kì í tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí pé gbogbo wa la mọ ẹni tó rì í. Ẹni tó bá jí i kó máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé ibi tí kò bá ti sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń fi nǹkan pa mọ́. Kòtò Bàbá kò ní ààlà, kò ní àmì. Ẹnu tó pa mọ́ nìkan ni ọgbà tó ní.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja:

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo kọ́ nípa ẹja nílé ìwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè díẹ̀.

Ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Bí òjò bá pọ̀, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á da omi dídùn sínú rẹ̀, iyọ̀ á sì dín kù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á tún wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹja ń tẹ̀ lé ìyípadà yìí. Nítorí náà, bí Oníwọ̀ bá sọ ibẹ̀ fún èèyàn ogún lónìí, ìdajì wọn lè débẹ̀ ní oṣù mìíràn kí wọ́n má bá nǹkan kan. Wọ́n á ní ó purọ́ ni. Ohun tí Bàbá kọ́ ọ nípa omi tó ń fà, nípa igi tó rì, nípa ibi tí ìjẹ ti yẹ kó bọ́ sí, ìyẹn ni kó o kọ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á lè wá kòtò tirẹ̀ láti Ìbéṣè títí dé Ẹ̀pẹ́.

Àwọn ibì kan tún wà tí mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa polówó rárá, ìyẹn ibi tí ẹja ti ń tọ́jú ọmọ. Irú epìyà kan wà nínú ọ̀sà wa tí àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú, akọ rẹ̀ ló ń kó ẹyin sẹ́nu. Ó ń gbé e kiri níwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì títí ọmọ á fi jáde. Bí wọ́n bá fi àwọ̀n kó irú akọ bẹ́ẹ̀, ẹyin ẹnu rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ibi tí omi ti parọ́rọ́ létí igi ẹ̀gbà lẹ ti máa ń bá wọn.

Ẹ sì má gbàgbé àwọn tó ń da májèlé sómi. Òfin ìpẹja Nàìjíríà ti ọdún 1992 kọ̀ ọ́, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ibi tí gbogbo ayé bá ti mọ̀ pé ẹja pọ̀ sí, ó rọrùn fún wọn láti wá a rí lóru.

Ọmọ Ọlọ́sà:

Mo gbọ́ gbogbo yín, ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ wo apá kejì. Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà kì í béèrè kòtò ta ni. Bí ẹ̀rọ wọn bá dé, omi á pọ́n, ilẹ̀ á yí padà, ẹja á sá. Bó bá jẹ́ Bàbá nìkan ló mọ ibẹ̀, tó bá lọ fi ẹjọ́ sùn, ta ló máa gbè é lẹ́sẹ̀? Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibi tí ogún apẹja bá ti mọ̀, ogún apẹja á dìde fún un. Nígbà tí koríko omi wọ odò Àgbádárìgì láti ìhà Porto-Novo ní 1984, ó bo ibi àṣírí, ó bo ibi gbangba. Ohun tó ń ba omi jẹ́ kò mọ èyí tá a fi pa mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:

Òótọ́ lo sọ níbẹ̀, ọmọ mi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ogún apẹja Bayékù tí wọ́n jọ ń jẹ níbẹ̀ ni yóò dìde. Èrò tó sanwó ọkọ̀ láti Èkó kò ní dìde fún ẹnikẹ́ni. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ibòmíràn ló máa bá lọ. Bí Bàbá bá fẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀, òun ló máa sọ fún wọn.

Oníwọ̀ Ìkòròdú:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ará Ìjẹ̀dẹ́, mo ti yọ fọ́tò yẹn kúrò, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ìyá Ẹlẹ́ja mà, ẹ kú ìtọ́jú wa.

Ohun tí mo máa ṣe rèé. Ẹlẹ́ńjìnnì, mo ti dá a lóhùn pé mi ò ní mú un lọ, kó má bínú. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ṣì wà nílẹ̀, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mú un lọ bá Bàbá fúnra rẹ̀, kí n ṣàlàyé ipò tó wà, kí Bàbá fúnra rẹ̀ pinnu bóyá ó máa gbà á. Bó bá gbà á, á kọ́ ọ bó ṣe kọ́ mi. Bí kò bá gbà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi á jọ máa wá ibòmíràn lápá Ìbéṣè, àwọn àmì tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja kà sílẹ̀ yẹn la ó máa wò.

Mi ò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀yin àgbà, kí ló yẹ kí n mú dání fún Bàbá?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:

Okùn ìwọ̀ tó nípọn, òjé, àti ìwọ̀ oríṣi méjì mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbówó lórí, inú rẹ̀ á dùn sí i ju owó lọ. Aago tí omi bá kún ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ máa bá a nílé. Kí ọ̀rẹ́ rẹ sì jẹ́ kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí òun tó lanu.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ fi orógbó kún un. Àgbàlagbà ni.