Kí ni ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ládùúgbò yín? Ẹ sọ èyí tó ṣojú yín

Tíṣà Agége

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àtijọ́. Ojoojúmọ́ la ń kà á nínú ìwé ìròyìn pé ilé iṣẹ́ kan kọ́ kíláàsì, òmíràn gbin igi, òmíràn fún àwọn ọmọ ní sìkọ́láṣíìpù. Mi ò fẹ́ gbọ́ ti ìwé ìròyìn. Èyí tó ṣojú yín ni kẹ́ ẹ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. Lekki Conservation Centre la kó àwọn ọmọ JSS2 wa lọ. Igbó hẹ́kítà 78 ni, láti 1990 ló sì ti wà níbẹ̀. NCF, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀, ló ń bójú tó o. Chevron ló gbé owó ìkọ́lé rẹ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ elépo. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìyẹn, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ariwo rélùwéè ni àwọn ọmọ wa fi ń sùn. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí ọ̀bọ rí àfi nínú ìwé. Ẹni tó mú wa yí ká ti kìlọ̀ lẹ́nu géètì pé kí ẹnikẹ́ni má mú oúnjẹ wọlé, àmọ́ ọmọ kan fi Gala sápò. A ò tíì rìn jìnnà lórí afárá pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irà tí ọ̀bọ kan fi sọ̀ kalẹ̀, ó tọwọ́ bọ àpò ọmọ náà bí ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà, ó fi eyín fa ọ̀rá rẹ̀ ya, ó jẹ ẹran inú rẹ̀, ó ju ìyókù sómi. Ẹ̀rín pa wá. Olówó Gala bú sẹ́kún, ó ní owó ọkọ̀ òun lòun fi rà á.

Nígbà tá a dé orí afárá òkè igi, èyí tó gùn tó mítà 401 tó ń mì lọ mì bọ̀, ọmọ tó le jù ní kíláàsì ló rọ̀ mọ́ aṣọ mi. Mo dákẹ́, n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó jọ mí lójú jù nìyí. Ẹni tó mú wa yí ká fi igi gún ilẹ̀ irà, omi sì ru sókè. Ó ní ibí yìí lòjò ń sá sí, tá a bá fi iyanrìn dí i kọ́lé, omi á wá ibòmíràn gbà. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Ṣé ibi táwọn ilé òdìkejì títì yẹn wà náà, irà ni tẹ́lẹ̀?" Ó ní, "Irà ni." Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ wọn nípa àgbàrá ní jọ́gíráfì, ọjọ́ yẹn ló tó wọlé sí wọn lára.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Tíṣà, tiyín dáa. Tiwa rèé. Ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, kọ́ láàbù fún iléèwé girama wa. Ọba wá, kọmíṣọ́nnà wá, wọ́n jó. Àwọn maikirosikóòpù ṣì wà nínú ọ̀rá wọn títí dòní. Iná NEPA ò dé ibẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń fún wa lówó epo jẹnẹrétọ̀, wọn ò sì gba ẹni tó máa ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Pírínsípà tìlẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò kí wọ́n má bàa jí nǹkan. Nínú ìwé làwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò àṣefihàn. Pátákó ìta nìkan ni wọ́n máa ń wá kùn lọ́dọọdún.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn Èkó, ẹ ti gbàgbé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, owó Ford Foundation àti Rockefeller Foundation wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé fáúndéṣọ̀n kì í ṣe ilé iṣẹ́, owó mọ́tò Ford àti owó epo Rockefeller náà kọ́ ló dá wọn sílẹ̀?

Nígbà tí bàbá mi ń dáko, Ọkọ Ìyàwó àti Odóńgbó ni ẹ̀gẹ́ wa. Àrùn tó ń mú kí ewé lọ́ kó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ò jẹ́ kó ta. Igi ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 dé láti IITA, àwa ń pè é ní àgíríkì. Àrùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un.

Kòkòrò funfun kan tún wà tó ń fa omi ẹ̀gẹ́ mu, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Hans Herren, ará Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ló ṣáájú àwọn tó wá agbọ́n kékeré kan rí ní Paraguay. Agbọ́n náà máa ń yé ẹyin sínú kòkòrò yẹn, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Herren gba World Food Prize ní 1995. Bàbá mi ò san kọ́bọ̀, kò fín oògùn kankan, kò tiẹ̀ mọ̀ pé agbọ́n kankan wọ oko òun.

Ìyá Wàsíù

Ajégúnlẹ̀ ni mo wà o. Iléèwé ọmọ mi ń gba ike òfìfo dípò lára owó iléèwé. African Cleanup Initiative ló gbé ètò náà wá, RecyclesPay ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó da omi inú ike nù kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n, wọn ò gba màgòmágó. Kò lè san owó náà tán, àmọ́ ó ń gé e kù dáadáa. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ló ṣe ike? Àwọn tó ń ta omi àti mínírà ni. Èmi tí mò ń ṣa á ní gọ́tà, ṣé èmi kọ́ ni mò ń ṣe CSR, iṣẹ́ oore tó yẹ kí ilé iṣẹ́ ṣe fún ìlú, fún wọn báyìí?

Lẹ́kúrà Tó Fẹ̀yìntì

Ìyá Wàsíù, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ilé TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, tẹ́ ẹ máa ń rí ní yunifásítì kì í ṣe ẹ̀bùn. Òfin 1993 ló ní kí ilé iṣẹ́ máa san owó orí ẹ̀kọ́, ìdá 2 nínú 100 èrè ló fi bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan bá wá fi ìyẹn yangàn lójú yín, ẹ bi í léèrè èyí tó ṣe kọjá òfin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ má tọrọ ilé mìíràn. Owó oṣù ẹni kan tó máa wà nínú láàbù àti sólà ni kẹ́ ẹ béèrè, kí PTA náà fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣé sà. A ti kọ ọ́, wọ́n sì ti fèsì. Wọ́n ní ká fi orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ránṣẹ́ ná. Pírínsípà ní kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ òun sí i.