Ìbéèrè, ìlò àti ìnílò: èwo ni káàdì aláìsàn ń fi hàn?

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé, bí a bá ń kọ̀wé nípa yíyẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wò láti mọ bí a ti ń wá oògùn tí a fi ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, kí a pe oògùn náà ní “oògùn àfẹ̀jẹ̀ṣe”, kí pílásímà, ìyẹn apá olómi inú ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì, jẹ́ “omi ẹ̀jẹ̀”, kí wíwá tí a ń wá a (demand) sì jẹ́ “ìbéèrè”.

Mo fara mọ́ “àfẹ̀jẹ̀ṣe”, bí ẹ bá gbà kí a fi “ènìyàn” kún un, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tàbí ti àgùntàn ni a fi ń ṣe oògùn oró ejò tí wọ́n ń lò ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, bí a bá sì kà á mọ́ wọn, ìṣirò wa á dàrú. “Omi ẹ̀jẹ̀” ni n kò lè gbà. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sínú abọ́ lọ́dọ̀ alápatà ní Kubwa: kì í pẹ́ tó fi ń dì, lẹ́yìn náà ni omi kan tó jọ òróró ẹ̀pà á sun jáde lórí rẹ̀. Omi yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé à ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti tán nínú rẹ̀. Inú pílásímà ni wọ́n ṣì wà, ibẹ̀ ni a sì ti ń yọ Factor VIII, ọ̀kan lára àwọn èròjà náà, láti fi ṣe oògùn. Ẹ jẹ́ kí pílásímà máa jẹ́ pílásímà.

Ọ̀rọ̀ “ìbéèrè” gan-an ló ká mi lára, torí pé ìdí káàdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nílùú Àbújá. Káàdì ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú mi báyìí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ dì. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, dókítà kọ Factor VIII, àwọn tó wà nídìí oògùn sì kọ “O/S” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé kò sí nílẹ̀. Nígbà kejì, pílásímà tí wọ́n tọ́jú sínú fírísà (frozen plasma) ni dókítà kọ, torí òun ló mọ̀ pé a lè rí. Nígbà kẹta, kò kọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ní kí wọ́n fi yìnyín sí orúnkún rẹ̀. Bí a bá wá Factor VIII nínú káàdì yìí, a kò ní rí ìlò kankan, ìbéèrè kò ju ẹyọ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ náà kò dẹ́kun láti nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, mo dábàá “ìlò” fún èyí tí aláìsàn gbà, “ìbéèrè” fún èyí tí dókítà kọ, àti “ìnílò” fún èyí tí ara aláìsàn nílò ní tòótọ́. Mo ti kọ́kọ́ ro “àìní”, ṣùgbọ́n òṣì ni etí Yorùbá á kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣì ọ̀hún kì í jìnnà sí ojú wíńdò ibi tí a ti ń san owó oògùn.

Ìlò àti ìbéèrè ni káàdì ń sọ. Ìṣirò ni a fi ń mọ ìnílò: yúníìtì Factor VIII kan fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan máa ń gbé e sókè nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100, nítorí náà bí a bá mọ ìwọ̀n ara aláìsàn àti ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, a lè mọ iye tó yẹ kó gbà. Mo yẹ ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lára káàdì yẹn. Kò sí ẹni tó kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀.